Ojú Kan Tí Kò Lórúkọ

Ojú-ò-kúrò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé tó bá ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ àfi kó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ ojú-ìwé fún àwọn tó bá fẹ́ kí ayé rí wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: oníṣọ́ọ̀bù, onílé-ìwé, dókítà eléyín. Ọdún kẹtàlá rèé tó ti wà lẹ́nu ẹ̀. Yàrá méjì ni ọ́fíìsì wọn, lórí òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà, òórùn ọ̀dà ò sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọ̀gá wà ní yàrá iwájú, òun àti tẹlifóònù. Ojú-ò-kúrò wà ní yàrá ẹ̀yìn, òun àti fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri ilé kejì.

Lásìkò tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń sùn tí í lọ. Ìyá rẹ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀, eegun ìbàdí rẹ̀ kán, láti ìgbà náà ló sì jẹ́ pé òun ló ń gbé ìyá dìde láràárọ̀. Yóò wẹ̀ ẹ́, yóò gbé e sórí àga, yóò fi ìrọ̀rí há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà fì, yóò gbé omi àti oògùn sítòsí rẹ̀, kó tó sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì. Obìnrin kan tó ń gbé òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń bá a yọjú síbẹ̀ lọ́sàn-án. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó wà nílùú mìíràn ti ní òun ń bọ̀ wá gbà á sílẹ̀ fún oṣù kan gbáko. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni" ti di orin lẹ́nu ẹ̀gbọ́n yìí, wọ́n sì ti kọ orin náà láti ìgbà òjò títí ilẹ̀ fi gbẹ.

Ọjọ́ Ajé kan báyìí ni Akọ̀wé gun àkàsọ̀ wá sí ọ́fíìsì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ilé-iṣẹ́ bébà kan ni, ilé-iṣẹ́ tó ti kógbá sílé láti bí ogún ọdún. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni bàbá náà, ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé kọ́là, gègé méjì sì wà ní àpò àyà rẹ̀. Ó gbé àpò-ìwé kan kalẹ̀, ó yọ fọ́tò dúdú-àti-funfun kan jáde, àti bébà tí wọ́n tẹ orúkọ àti iṣẹ́ wọn sí, ìlà sí ìlà bí wọ́n ṣe dúró.

"Wò ó, ọmọ mi," ló wí fún Ojú-ò-kúrò. "Gbogbo wa ni a wà nínú èyí, ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ pé ogún ọdún. Ọmọ-ọmọ mi fi ojú-ìwé àwọn agbábọ́ọ̀lù kan hàn mí. Téèyàn bá gbé nǹkan yẹn, eku kọ̀ǹpútà yẹn, dé orí ojú ẹnì kan, orúkọ onítọ̀hún á tàn. Tó bá gbé e dé orí orúkọ, ojú á tàn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ tiwa. Ojú wa ti ń bà jẹ́, a kì í tètè dá ara wa mọ̀ mọ́."

Kí Ojú-ò-kúrò tó la ẹnu, Ọ̀gá ti dáhùn láti yàrá iwájú: "Kékeré nìyẹn, Bàbá!"

Ní ti Ọ̀gá, kò síṣẹ́ tó tóbi láyé yìí, nítorí pé ẹnu ló fi ń ṣe gbogbo ẹ̀. Wọ́n fẹnu kò sí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ kejì náà ni ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe ìpàdé ọdún wọn, wọ́n sì fẹ́ fi han ara wọn níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà kéré lójú, àmọ́ abẹ́ rẹ̀ jìn. Ojú-ò-kúrò kọ́kọ́ ya àpótí kékeré yí ojú kọ̀ọ̀kan ká, ó sì fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún wọn ibi tí àpótí kọ̀ọ̀kan wà, kó lè jẹ́ pé tí àwòrán bá súnkì lórí fóònù, àpótí á bá a súnkì, tí kò fi ní jẹ́ pé imú ẹlòmíràn ni wọ́n á máa tọ́ka sí. Ìyẹn gbà á ní ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ló dé ibi tí wàhálà wà.

Lẹ́nu àwọn tó ń kọ́ ojú-ìwé, inú àpótí ni gbogbo nǹkan ń gbé. Àpótí tó bá gbé òmíràn sínú ni òbí, èyí tó wà nínú ni ọmọ, àwọn tó bá sì jọ wà nínú òbí kan náà ni ọmọ ìyá. Òfin àtayébáyé kan wà láàárín wọn: tí máósì bá dúró lórí ẹ̀gbọ́n, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ, ẹ̀gbọ́n lè mú kí àbúrò tàn, ṣùgbọ́n tí máósì bá dúró lórí àbúrò, ẹ̀gbọ́n ò ní mira rárá. Lọ́jọ́ tí Ojú-ò-kúrò kọ́kọ́ kọ́ òfin yìí, òun nìkan ló rẹ́rìn-ín nínú kíláàsì. Ó ní, "Àkọ́bí ló ṣòfin yìí, kì í ṣe ẹlòmíràn."

Nínú fọ́tò Akọ̀wé, wọn ò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Inú ilé kan lókè ni àwọn ojú ń gbé, inú ilé mìíràn nísàlẹ̀ ni àwọn orúkọ wà, ojú ò sì mọ̀ pé orúkọ wà láyé. Ohun tó ṣe ni pé ó kọjá sọ́dọ̀ òbí àgbà tó gbé ilé méjèèjì sínú, ó sì kọ ọ́ sí i létí pé: máa ṣọ́ àwọn ọmọ rẹ o, nígbàkígbà tí wọ́n bá kan ẹnì kẹtàdínlógún lókè, mú kí ẹnì kẹtàdínlógún tàn nísàlẹ̀, kí o sì rẹ iná gbogbo àwọn yòókù sílẹ̀. Bí wọ́n bá kan ti ìsàlẹ̀, ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti òkè. Ó kọ ọ́ fún ojú kọ̀ọ̀kan àti orúkọ kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ẹ̀yìn ń dùn ún.

Ibẹ̀ ló ti rí i pé iye wọn ò dọ́gba. Orúkọ mẹ́rìndínláàádọ́ta ló wà lórí bébà, ojú mẹ́tàdínláàádọ́ta ló wà nínú fọ́tò. Ó kọ́kọ́ rò pé òun ló ṣì í kà. Àárẹ̀ ń mú kéèyàn ka ìka ọwọ́ ara rẹ̀ ní mẹ́fà. Ó tún un kà. Ẹnì kọkàndínlọ́gbọ̀n ni, lórí ìlà kẹta, obìnrin kan tó fi aṣọ wé orí, tí èjìká ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan bo ìdajì ojú rẹ̀. Gbogbo àwọn yòókù tàn tó bá gbé máósì kàn wọ́n. Tó bá dé orí ti obìnrin yìí, ńṣe ni gbogbo ojú-ìwé á dákẹ́.

Ó pe Akọ̀wé lórí fóònù.

"Bàbá, ẹnì kan ṣẹ́kù tí kò lórúkọ. Ìlà kẹta, obìnrin tó wà lẹ́yìn ọkùnrin tó sanra yẹn."

"Fi ìyẹn sílẹ̀," ló wí. "Kì í ṣe ara wa."

"Ṣé kí n gé e kúrò ni?"

"Wàá gé èjìká ẹlẹ́ni mọ́ ọn. Ṣáà fi í sílẹ̀."

Ojú-ò-kúrò fi í sílẹ̀. Kì í ṣe bàbá rẹ̀ ló ni fọ́tò. Ìjà mìíràn sì ti ń dúró dè é. Ó ti ní kí ojú tí máósì bá dúró lé lórí tóbi díẹ̀, kó sì gbéra sókè. Bí ojú bá ti gbéra, ó ti bọ́ kúrò lábẹ́ máósì. Bó bá ti bọ́, á padà sáyè rẹ̀. Bó bá sì ti padà, máósì tún ti wà lórí rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà náà wá ń ṣẹ́jú wìrìwìrì bí ẹni tí eruku kó sí lójú. Odindi àárọ̀ ọjọ́ kan ló fi wá ìdí rẹ̀, kó tó mọ̀ pé àpótí gbọ́dọ̀ dúró sójú kan, kí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ nìkan máa yí padà.

Ọ̀gá yọ orí sí i lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ó ti tán?"

"Ó ku díẹ̀, Ọ̀gá."

"Díẹ̀ ti àná náà ni, àbí díẹ̀ tuntun?"

"Díẹ̀ tuntun ni."

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé kejì, ó fi ojú-ìwé náà ránṣẹ́ sí Akọ̀wé, kó lè pín in fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n yẹ orúkọ wò bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Ó kọ àdírẹ́sì ọ́fíìsì wọn sísàlẹ̀ fún ẹni tó bá ní àtúnṣe. Ó rò pé lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta ni wọn yóò fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, nǹkan bí agogo kan ọ̀sán, ó gbọ́ tí ẹnì kan ń gun àkàsọ̀ bọ̀. Àtẹ̀gùn méjìlélógún ni. Ẹni náà ń gun mẹ́ta, ó ń sinmi, ó tún ń gun mẹ́ta. Ọ̀gá ti jáde lọ jẹun. Ìyá arúgbó kan ló yọ, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, ó gbé láílọ́ọ̀nù kan dání, fóònù wà nínú rẹ̀, ó fi aṣọ ìnujú wé e.

"Ẹ káàsán, Mà. Ta lẹ̀ ń wá?"

"Ẹni tó ṣe fọ́tò tó ń tàn."

"Èmi ni, Mà. Ẹ jókòó."

Ìyá náà jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó mú omi tí wọ́n bù fún un títí ó fi tán. Lẹ́yìn náà ló tú fóònù kúrò nínú aṣọ, ó gbé e sórí tábìlì.

"Èmi ni ẹni tí kò tàn," ló wí.

Ojú-ò-kúrò wo ojú rẹ̀, ó wo fọ́tò. Ogójì ọdún ló wà láàárín méjèèjì, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wé aṣọ náà ò yí padà.

"Ìyàwó ọ̀kan nínú wọn ni aládùúgbò mi. Òun ló fi hàn mí lánàá. Ó fìka kan ọkọ rẹ̀, orúkọ tàn. Ó kan ẹlòmíràn, ó tàn. Mo ní kó jẹ́ kí n fọwọ́ kan tèmi. Mo fọwọ́ kàn án, kò dáhùn. Mo rò pé bóyá ìka mi ló gbẹ. Mo fi omi sí i, mo tún kàn án." Ó fi ìka náà hàn, àfi bí ẹni pé àbùkù wà lára rẹ̀. "Ọmọ mi, kí ló dé?"

Ojú-ò-kúrò ò mọ irọ́ tó lè pa. Ó sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ kò sí lórí ìwé tí Akọ̀wé gbé wá.

Ìyá náà mi orí. Kò jọ ọ́ lójú. "Agbálẹ̀ ni mo jẹ́ níbẹ̀," ló wí. "Ọdún mọ́kànlá. Gbogbo èérún bébà tó bá bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, èmi ni mò ń gbá a. Nígbà tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, mi ò bá wọn daṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó fà á nìyẹn. Adalẹ̀ ni wọ́n ń pè mí láti ọjọ́ náà. Kì í ṣe ìjà ni mo bá wá o. Mo kàn fẹ́ kó tàn ni."

"Mà, kì í ṣe èmi ni mo ni í. Iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún mi."

"Mo mọ̀. Èmi náà ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi rí."

Nígbà tí Ọ̀gá dé, Ojú-ò-kúrò ro ẹjọ́ náà fún un. Ọ̀gá ní kí ó má ṣe fọwọ́ fa iná. Ẹni tó gbéṣẹ́ wá ló ni ẹnu. Ojú-ò-kúrò pe Akọ̀wé, bàbá náà sì fi ohùn tó le bíi pátákó sọ pé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló máa wà níbẹ̀. Ó wá pe ìyá arúgbó náà lórí nọ́ńbà tó fi sílẹ̀ láti sọ fún un. Ìyá ní kó bá òun bi Akọ̀wé bóyá ó rántí ìyá òun. Ojú-ò-kúrò gbé fóònù sílẹ̀, ó fi orí lé tábìlì. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa gbé ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnì kan lọ sétí ẹnì kejì, bí ẹni ń ru omi nínú asẹ́.

Nílé nírọ̀lẹ́, ó ń pa epo sí ìyá tirẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ fún un.

"Ṣé ó ń gbálẹ̀ dáadáa?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Mọ́mì, báwo ni mo ṣe máa mọ ìyẹn?"

"Béèrè. Tó bá gbálẹ̀ dáadáa fún ọdún mọ́kànlá, kí ni wọ́n tún ń wá?" Ìyá fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. "Rọra. Ọwọ́ ẹ ti ń le. Ẹ̀gbọ́n ẹ pè lónìí."

"Kí ló wí?"

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni."

Méjèèjì wo ara wọn, ẹ̀rín pa wọ́n, ẹ̀rín tí kò lágbára nínú, títí ìyá fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Akọ̀wé ti ní òun ń bọ̀ wá yẹ iṣẹ́ náà wò fún ìgbà ìkẹyìn ní Ọjọ́rú, agogo mọ́kànlá. Ojú-ò-kúrò rò ó láti ilé títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà ló pe ìyá arúgbó náà. "Mà, ẹ wá lágogo mọ́kànlá ààbọ̀. Ẹ sọ fún un fúnra yín." Kò sọ fún Ọ̀gá. Kì í ṣe ìgboyà ló mú un ṣe é. Ó kàn jẹ́ pé kò lágbára mọ́ láti jẹ́ afárá.

Akọ̀wé dé lákòókò. Ojú-ò-kúrò fún un ní àga tirẹ̀, ó sì fi máósì sí i lọ́wọ́. Bàbá náà rọra ń tì í láti ojú kan dé èkejì, bí ẹni ń ti abọ́ tó kún fún omi. Ojú kan á tàn, àwọn yòókù á ṣókùnkùn díẹ̀, orúkọ á mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tí onítọ̀hún ṣe: agébébà, olùtọ́jú ẹ̀rọ, awakọ̀.

"Eléyìí ti kú," ló wí. "Eléyìí náà. Eléyìí wà láàyè, àmọ́ kò gbọ́ràn mọ́. Òkú. Òkú. Há, wo bí eléyìí ṣe ń rẹ́rìn-ín, àbí kò mọ̀ pé ó kù díẹ̀ ni." Ó ka mẹ́rìndínlógún tó ti kú.

"Mo lè fi àmì sára àwọn tó ti kú, Bàbá, tẹ́ ẹ bá fẹ́."

Ó ronú sí i. "Rárá. Jẹ́ kí wọ́n máa tàn bẹ́ẹ̀."

Ó dé ìlà kẹta. Ó kọjá ọkùnrin tó sanra, máósì sì dúró lórí obìnrin tó wé aṣọ. Kò sí ohun tó tàn. Ó yẹ kó tì í kọjá, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ibẹ̀ ló wà nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àkàsọ̀: mẹ́ta, ìsinmi, mẹ́ta.

Nígbà tí ìyá náà yọ lẹ́nu ọ̀nà, Akọ̀wé dìde.

"Ta ló pè é?"

"Èmi ni, Bàbá," ni Ojú-ò-kúrò wí. "Ẹ má bínú. Ó rẹ̀ mí ni."

Ìyá jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni lẹ́yìn àtẹ̀gùn méjìlélógún.

"Ọjọ́ mọ́kàndínlógún," ni Akọ̀wé wí, Ojú-ò-kúrò ló sì kọjú sí, bí ẹni pé ìyá kò sí níbẹ̀. "Ọjọ́ mọ́kàndínlógún la fi dúró nínú oòrùn lẹ́nu géètì. Láràárọ̀ ló ń gba àárín wa kọjá pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ wojú wa."

"Mo wojú yín," ni ìyá wí. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń wolẹ̀."

"Ìwọ nìkan lo wọlé!"

"Èmi nìkan ni. Ṣé ẹ rántí pé mo wá bá yín lọ́dún kẹta tí mo débẹ̀, pé kí ẹ kọ orúkọ mi sínú ẹgbẹ́? Ẹ̀yin lẹ jókòó sídìí tábìlì ọjọ́ náà. Kí lẹ wí?"

Akọ̀wé fọwọ́ kan gègé àpò rẹ̀, kò yọ ọ́.

"Ẹ ní ìgbálẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ ní àwọn tó ń lo ẹ̀rọ ni ẹgbẹ́ wà fún. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹgbẹ́ tí kò gbà mí wọlé, báwo ni mo ṣe fẹ́ bá a jáde?"

Nísàlẹ̀, àwọn tó ń ta ọ̀dà ń po nǹkan nínú garawa, ariwo rẹ̀ ń wá ketekete. Ojú-ò-kúrò dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó wù ú kí ilẹ̀ là kó gbé e mì, tàbí kí ó kúkú sùn síbẹ̀.

"Ó ti pẹ́," ni Akọ̀wé wí níkẹyìn.

"Ó pẹ́ lóòótọ́. Ẹ sì rántí ọjọ́ mọ́kàndínlógún láìyọ ọ̀kan."

Bàbá náà padà jókòó. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, láìyí ojú padà, ó bi Ojú-ò-kúrò pé, "Téèyàn bá fẹ́ fi ẹnì kan kún un, ṣé iṣẹ́ ńlá ni?"

"Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, Bàbá."

"Kọ ọ́. Àmọ́ má kọ ọmọ ẹgbẹ́ síwájú rẹ̀."

"Kí ni kí n kọ?"

"Agbálẹ̀ ni kó o kọ," ni ìyá wí. "Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Kí ni kí wọ́n tún kọ?"

Ojú-ò-kúrò gba àga rẹ̀. Ìyá náà ò mọ̀wé, ó kàn ń pe orúkọ rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, Ojú-ò-kúrò sì ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń gbọ́ ọ. Akọ̀wé tẹ̀ síwájú, ó yọ ọ̀kan nínú gègé rẹ̀, ó fi tọ́ka.

"Rárá, o ti ṣì í. Àmì wà lábẹ́ 'o' kejì yẹn. Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń pè é nìyẹn, tó bá gbé oúnjẹ wá fún un lẹ́nu géètì."

Ìyá arúgbó náà yí ọrùn, ó wò ó. Akọ̀wé ń wo fèrèsé, níbi tí kò sí nǹkankan láti wò àfi ògiri.

Ojú-ò-kúrò fi àmì sí i. Ó so ẹnì kọkàndínlọ́gbọ̀n lókè mọ́ ẹnì kọkàndínlọ́gbọ̀n nísàlẹ̀, ó gbé e jáde, ó sì ṣí i lórí fóònù ìyá náà. Lórí fóònù, kò sí máósì tó lè dúró lórí nǹkan. Ó ti ṣètò pé ìka ni yóò ṣe é.

Ìyá nu ìka rẹ̀ sára aṣọ, ó fi kan ojú ara rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ tàn. Ó kan orúkọ rẹ̀, gbogbo àwọn tó kù sì ṣókùnkùn díẹ̀, ìdajì ojú kan péré ló mọ́lẹ̀ lẹ́yìn èjìká. Ó wò ó títí. Kò sunkún, kò rẹ́rìn-ín. Ó wá fìka kan ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀.

"Eléyìí ló dí mi lójú."

"Ó sanra jù," ni Akọ̀wé wí. "Ó ti kú."

"Mo mọ̀. Mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo dúró sí."

Ìyá tún fóònù wé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ojú-ò-kúrò, ó kí Akọ̀wé pé ó dàbọ̀ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni téèyàn pàdé lójú ọ̀nà, ó sì jáde. Akọ̀wé dúró lórí àkàsọ̀ lókè títí ìyá fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá kó tó gbẹ́sẹ̀, kó má baà dà bíi pé òun ń lé e.

Ọ̀gá, tó ti ń gbọ́ ohùn láti yàrá iwájú, bi Ojú-ò-kúrò pé, "Ta ni ìyá yẹn?"

"Ọ̀kan lára wọn ni."

Wọ́n ṣe ìpàdé náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ojú-ò-kúrò ò lọ. Aṣọ ìyá rẹ̀ ló ń fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ Ajé, Akọ̀wé pè é, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tó wà láàárín èrò.

"Ọmọ mi, wọ́n gbádùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjì kan ń bínú. Wọ́n ní kí n yọ ẹnì kan kúrò."

"Kí lẹ wá wí fún wọn?"

"Mo ní kò ṣeé yọ. Mo ní ìwọ lo sọ fún mi pé wọ́n ti so gbogbo wọn mọ́ra, tí wọ́n bá yọ ẹyọ kan, gbogbo ẹ̀ ló máa wó." Ó fi kún un pé, "Ọ̀kan nínú wọn lè pè ọ́."

Irọ́ gbáà ni. Ìṣẹ́jú kan ló gbà láti yọ ọ́. "Ó dáa, Bàbá," ni Ojú-ò-kúrò wí.

Ẹni náà pè lóòótọ́, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́. Ohùn àgbàlagbà ni, inú ń bí i, ó sì ń fẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé fún òun bí ẹ̀rọ ayé òde òní ṣe burú tó tí kò fi lè yọ orúkọ kan ṣoṣo. Ojú-ò-kúrò ṣàlàyé fún un nípa òbí àti ọmọ, nípa ilé òkè àti ilé ìsàlẹ̀, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àyàfi ìparí. Nígbà tó parí, ẹni náà mí ìmí ẹ̀dùn. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó wá bi í bóyá ó ṣeé ṣe kí ojú tòun tóbi díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

"Kò ṣeé ṣe, Bàbá," ló wí.

Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí Ọ̀gá fi wọlé pẹ̀lú bébà tuntun lọ́wọ́. Ẹnì kan tó ń ta táyà ló gbéṣẹ́ wá. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé téèyàn bá gbé máósì dé orí orúkọ táyà, kí táyà náà máa yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọgọ́ta táyà ni.

"Mo ti sọ fún un pé kékeré ni," ni Ọ̀gá wí.

Ojú-ò-kúrò wo bébà náà, ó wo agogo. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó mú báàgì rẹ̀ lára àga.

"Ó di ọ̀la, Ọ̀gá," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀, ó di irin rẹ̀ mú, ó ń rìn jẹ́jẹ́.